Jíìpù Ká-Ní

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì ká-ní táwọn èèyàn ń ṣe, ìyẹn ọkọ̀ kékeré orí tábìlì tó dá lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ìbọn ni wọ́n kàn ń dì lé ọkọ̀ lórí. Ẹnì kan á mú jíìpù Willys, ọkọ̀ kékeré jẹ́jẹ́ táwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, á gbé ìbọn ńlá táńkì lé e lẹ́yìn, á kùn ún ní dúdú, á wá ní "ká ní ogun ò parí ní 1945 ńkọ́?" Ó parí nìyẹn. Kò bi ara ẹ̀ pé ta ló máa wà á, kò bi ara ẹ̀ pé ọta mélòó ni ọkọ̀ yẹn lè gbé, kò sì bi ara ẹ̀ pé tí ìbọn yẹn bá dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú gọ́tà wo ni wọ́n ti máa lọ wá jíìpù. Mi ò ní kéèyàn má ṣeré o, eré ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ eré tó ní òfin ló máa ń dùn. Ẹ wo ayò, tí kálukú bá lè kó ọmọ ayò bó ṣe wù ú, ta ló máa jókòó ta á?

Fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: àwa tá à ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, páálí la máa ń rà, ègé plásítíìkì ló wà nínú ẹ̀, a ó gé e, a ó lẹ̀ ẹ́, a ó kùn ún, títí á fi di ọkọ̀ kékeré tó jọ tòótọ́. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù fún ọkọ̀ ogun ni 1/35, ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35 láyé, sẹ̀ǹtímítà kan péré ló máa jẹ́ lórí tábìlì. Jíìpù Willys MB gùn ní bíi mítà 3.36, nítorí náà tiwa ò tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Tamiya ń ṣe é, Italeri ń ṣe é, Bronco náà ṣe irú èyí táwọn ṣójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi gílídà, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnì, balẹ̀ lò. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe é bó ṣe wà nínú fọ́tò gẹ́lẹ́, nọ́ọ̀tì kan ò gbọ́dọ̀ sọnù. Àmọ́ àwọn kan wà, mo sì wà lára wọn, tó jẹ́ pé bí a bá ti ṣí páálí báyìí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni "ká ní". Ká ní odò ló wà níbẹ̀. Ká ní wọn ò rí gílídà lò. Ká ní ọ̀nà ò sí rárá, ńkọ́?

Kí ló dé tó jẹ́ jíìpù? Torí pé ìwọ̀n ara ni gbogbo ìtàn ẹ̀. Ní 1940, nígbà tí Jámánì ti gba ilẹ̀ Faransé tán, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí iléeṣẹ́ 135 pé àwọn ń wá ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnì á máa yí táyà ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má sì wúwo ju páhùn 1,300 lọ, ìyẹn ò tó kílò 600. Bantam ti ìlú Butler ní Pennsylvania àti Willys-Overland ló kọ́kọ́ dá wọn lóhùn, Ford wọlé lẹ́yìn. Bantam lọ bẹ ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Karl Probst, ọkùnrin yẹn ya gbogbo àwòrán ọkọ̀ náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n kàn án, wọ́n wà á dé Camp Holabird ní Baltimore ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, láàárín ọjọ́ 49 tí wọ́n fún wọn. Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, ó gun òkè, ó wọ ẹrẹ̀ jáde, àmọ́ ó wúwo ju ohun tí wọ́n béèrè lọ dáadáa, torí páhùn 1,300 yẹn, àlá lásán ni. Nígbà tó yá wọ́n sún un dé 2,160, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di ti Willys, torí ẹ́ńjìnì tiwọn ló lágbára jù, agbára ẹṣin 60, ọkọ̀ wọn ló sì sanra jù. Barney Roos tó jẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà wọn kọ̀, ó ní òun ò ní fi ẹ́ńjìnì yẹn sílẹ̀, ó ní kí wọ́n tú ọkọ̀ palẹ̀ kí wọ́n wọn gbogbo ègé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóòtì tó bá gùn jù, ẹ gé e, irin tó bá nípọn jù, ẹ wá èyí tó fẹ́lẹ́ sí i. Wọ́n ní ọ̀dà pàápàá, ìpele kan ṣoṣo ni wọ́n lè kùn ún, tí wọ́n bá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì á kọjá ìwọ̀n. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ̀dà lára ẹ̀ báyìí ni ẹnì kan fẹ́ gbé ìbọn táńkì lé. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn le?

Ohun tí mo máa ń bi ara mi kí n tó mú bíléèdì ni pé: ta ni wàhálà bá? Mi ò bi ara mi pé kí ni mo lè fi kún un. Mo fẹ́ rí sájẹ́ǹtì kan tó dúró létí odò, jíìpù ẹ̀ mẹ́ta ti rì sínú ẹrẹ̀, ọ̀gá ń pariwo lórí wáyálẹ́ẹ̀sì, ohun tó sì ní lọ́wọ́ ò ju ẹ̀rọ wẹ́dà kan, irin díẹ̀ àti ọmọṣẹ́ méjì tórí wọn pé. Kí ni yóò ṣe kílẹ̀ tó ṣú? Tí mo bá ti mọ ọkùnrin yẹn dáadáa, mọ́dẹ́ẹ̀lì ti parí sí ìdajì.

Ẹ wo ohun táwọn fúnra wọn ṣe lójú ogun. Ní Yúróòpù, àwọn ọmọ ogun Jámánì máa ń ta wáyà kọjá ojú ọ̀nà ní ìwọ̀n ibi tí ọrùn awakọ̀ máa ń wà, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tẹ wíńdísíkíríìnì jíìpù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dáhùn ò ju ọ̀pá irin kan lọ, wọ́n wẹ́ẹ̀dì ẹ̀ mọ́ bọ́ńpà iwájú kó nàró, wọ́n tẹ orí ẹ̀ síwájú díẹ̀ kó máa já wáyà. Ọ̀pá irin kan! Ní aṣálẹ̀ Íjíbítì ní 1942, àwọn SAS, ẹ̀ka àkànṣe ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, náà di ìbọn mọ́ jíìpù, òótọ́ ni, ìbọn Vickers K tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ òfuurufú, jíìpù 18 ni wọ́n sì kó wọ pápákọ̀ òfuurufú Sidi Haneish lóru lóṣù keje ọdún yẹn, wọ́n yìnbọn fún ọkọ̀ òfuurufú Jámánì níbi tí wọ́n jókòó sí. Àwọn tó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìbọn yẹn nìkan ni wọ́n ń rí. Èmi, iwájú ọkọ̀ ni mo máa ń wò. Wọ́n gé ọ̀pọ̀ nínú irin tó wà níwájú rẹdiétọ̀ dànù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n so agolo mọ́ ọn láti gba omi tó bá di ooru jáde nínú rẹdiétọ̀, kó lè tutù kó padà sínú ẹ̀, torí ní aṣálẹ̀ omi ju ọta lọ. Ọgbọ́n tó mú mi fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn, inú agolo yẹn ló wà.

Ó tún wá ní àwọn tó jẹ́ pé ká-ní ni wọ́n lóòótọ́, àfi pé ìjọba ló sanwó wọn. Ford ṣe jíìpù tó ń lúwẹ̀ẹ́, GPA, wọ́n ṣe 12,778 nínú ẹ̀ láàárín 1942 sí 1943. Nínú odò tó dákẹ́ ó gbádùn, àmọ́ tí ìgbì bá ti gbé orí sókè díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀, torí ó wúwo, ètí ẹ̀ ò sì ga. Àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ràn tiwọn, odò ni wọ́n ní kì í ṣe òkun, lẹ́yìn ogun wọ́n wo ìyẹn fi ṣe tiwọn, GAZ-46. Ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Ben Carlin wá ra ọ̀kan nínú GPA tí ogun ṣẹ́kù, ó tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Half-Safe, òun àti ìyàwó ẹ̀ sì gbé e wọ Òkun Àtìláńtíìkì láti Halifax ní 1950. Wọ́n dé òdìkejì! Ọdún 1958 ló parí ìrìn yíká ayé pẹ̀lú ọkọ̀ yẹn. Tí ẹnì kan bá gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì jíìpù tó ń kọjá Àtìláńtíìkì wá, tí kò sì sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀, ẹ máa ní ó ti ń sọ àsọdùn.

Èyí tó wá ju gbogbo wọn lọ lójú mi ni Rotabuggy. Raoul Hafner, ará Austria tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú onírọ́tọ̀, ìyẹn abẹ́bẹ̀ ńlá tó ń yí lórí ọkọ̀, kí ogun tó dé, ló ní kí ni ká ní a so abẹ́bẹ̀ ńlá mọ́ jíìpù lórí, kí ọkọ̀ òfuurufú máa fi okùn wọ́ ọ lójú ọ̀run, tó bá dé ibi ogun wọ́n á já a sílẹ̀, á rọra balẹ̀, wọ́n á yọ abẹ́bẹ̀ dànù, ogun yá. Wọn ò bú sẹ́rìn-ín o, wọ́n dán an wò. Wọ́n di kọnkéré sínú Willys kan kó lè wúwo, wọ́n gbé e sókè, wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n tún gbé e sókè sí i, wọ́n jù ú sílẹ̀, ó dé mítà méjì ó lé, jíìpù ò ṣẹ́. Wọ́n wá so ìrù mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n fi rọ́tọ̀ tó fẹ̀ tó mítà 14 ó lé lé e lórí, awakọ̀ jókòó sápá kan, ẹni tó ń darí ẹ̀ lójú ọ̀run jókòó sápá kejì. Lóṣù kọkànlá 1943 wọ́n fi lọ́rì Diamond T fà á, lọ́rì ò lè sáré tó, wọ́n lọ wá mọ́tò Bentley kan, ìyẹn sáré, jíìpù sì fò díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ní 1944 wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú Whitley wọ́ ọ ní Sherburn-in-Elmet. Ohun tó pa á kì í ṣe pé kò lè fò. Gílídà Horsa àti Hamilcar ló dé, tó lè gbé ọkọ̀ sínú balẹ̀ láìsí abẹ́bẹ̀ kankan, àwọn ọ̀gá sì ní kí la wá ń wá kiri.

Ká-ní tó wà níbẹ̀ rọrùn láti rí: ká ní gílídà ńlá pẹ́ kó tó jáde ńkọ́? Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra plásítíìkì. Mítà 14.22 ní ìwọ̀n 1/35 á fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, lórí ọkọ̀ tí kò tó 10. Kò sí àpótí gíláàsì tó máa gbà á nínú yàrá mi, ẹni tí ẹ jọ ń gbélé á sì bi yín léèrè. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ronú sí ẹ̀yìn ìgbà tó balẹ̀: rọ́tọ̀ ti wà nílẹ̀ nínú koríko, ìrù onípákó ti já, ṣójà kan ń fi súpánà tú ọ̀pá àárín, èkejì ti jókòó sídìí ọkọ̀ ó ń wo sójú ọ̀run bóyá àwọn yòókù ń bọ̀. Abẹ́bẹ̀ tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè gé e sí ibi tí pátákó ìdúró bá parí sí, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Mo rò pé ìyẹn tiẹ̀ dùn ju kó wà lójú ọ̀run lọ.

Ti bọ́ǹbù átọ́míìkì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn 1960 Amẹ́ríkà gbé Davy Crockett sórí jíìpù M38A1 àti M151, ohun tó ń ju ọta átọ́míìkì, ibi tó sì máa jù ú dé ò ju kìlómítà méjì sí mẹ́rin lọ. Èèyàn mélòó kan nínú jíìpù, wọ́n á ju átọ́míìkì síwájú tọ́jú wọn lè tó o, wọ́n á wá yí ọkọ̀ padà sá lọ. Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ ní ká-ní, wọ́n á ní orí ẹ̀ gbóná. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un, ọ̀rọ̀ yẹn kọjá àfikún.

Ti réluwé ló sún mọ́ wa díẹ̀. Ní Bọ́mà ní 1944, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ń jà gba agbègbè Myitkyina, ẹ́ńjìnì réluwé ti bàjẹ́ ráúráú, ni wọ́n bá yọ táyà jíìpù, wọ́n fi wíìlì irin sí i, wọ́n so ọkọ̀ ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn, jíìpù sì ń fa réluwé. Irin ojú ọ̀nà Bọ́mà fẹ̀ tó mítà kan. Ti Nàìjíríà fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, mílímítà 1,067. Táyà jíìpù méjì sì jìnnà síra wọn tó bíi mílímítà 1,245 láti àárín dé àárín, nítorí náà wíìlì irin gbọ́dọ̀ wọnú ju ibi tí táyà wà lọ, níbi méjèèjì. Ká ní lẹ́yìn ogun, réluwé Nàìjíríà gba jíìpù mélòó kan lára èyí tí ogun ṣẹ́kù, kí ọ̀gá tó ń ṣàyẹ̀wò ojú irin máa fi rìn láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, ibi tí irin ti dé láti 1907? Lórí tábìlì, irin méjèèjì á jìnnà síra wọn ní bíi mílímítà 30. Ẹ fi ìbòòrùn onípákó sí i lórí, fìtílà kan níwájú, asíá pupa kan tí wọ́n ká sẹ́yìn ìjókòó, àti fílásíìkì tíì. Kò ní ìbọn kankan. Wíìlì yẹn nìkan ni iṣẹ́, mo fi bọ́tìnnì ẹ̀wù ṣe é, mo fi sándípépà ha etí ẹ̀ títí ó fi ní ètè tó máa gbá irin mú. Ó wà lórí pẹpẹ báyìí, àwọn àlejò máa ń rò pé ó wà lóòótọ́ rí, mi ò sì kì í tètè sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ wíìlì bọ́tìnnì yẹn mú mi rántí pé àwọn kan máa ń bi mi pé níbo ni mo ti ń rí ohun èlò, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú nǹkan báyìí nítòsí wa, owó tí wọ́n á sì gbà kó tó dé láti òkè òkun lè ju owó páálí lọ. Káàdì ATM tó ti kú nípọn dáadáa fún ara ọkọ̀. Ọ̀pá inú báírò ni páìpù. Bébà fàdákà inú páálí sìgá, tàbí ẹ̀yìn oògùn paracetamol, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tapólì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ní kò bójú mu, ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà tí wọ́n fi pákó kàn sórí Bedford, ẹ rántí mólúè tí àwọn wẹ́dà Èkó kàn sórí lọ́rì Mercedes 911. Ká-ní la fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ìgbà yẹn. Àwọn ará Philippines náà, jíìpù tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ogun ni wọ́n fà gùn, tí wọ́n fi òrùlé sí, tó wá di jeepney tí gbogbo ìlú ń wọ̀.

Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí.

Ní ìparí 1943 wọ 1944, ẹ̀ka ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dé Bọ́mà láti Íńdíà. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, ọmọ Gold Coast tó di Gánà, ọmọ Sierra Leone, ọmọ Gambia. Àwọn tí à ń pè ní ṣójà Bọ́mà nígbà tí wọ́n padà délé, nínú wọn ni. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán wọn lọ, òkè tó dúró ṣánṣán tẹ̀ lé òkè, igbó ọparun láàárín wọn, ọ̀nà ọkọ̀ ò sí. Ni wọ́n bá fi ọwọ́, ṣọ́bìrì àti dígà la ọ̀nà tó lé ní máìlì 70 láti Chiringa kọjá àwọn òkè yẹn bọ́ sí àfonífojì, ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ohun tí jíìpù lè gbà lọ. West African Way ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọ́n yìn nínú ìbọn, ọkọ̀ òfuurufú Dakota ló ń jù ú sílẹ̀ fún wọn látòkè, àwọn tó ń rẹrù á sì rù ú. Orí ni wọ́n fi ń rù ú. Àwọn ọ̀gá tó ti rí i nílé mọ̀ pé níbi tí ìbaaka ò lè gbà, ẹni tó gbé ẹrù sórí á gbà á.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Àmì ẹ̀ka 81 ni aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò, Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gánà. Àmì ẹ̀ka 82 tó tẹ̀ lé wọn dé ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká o! Ẹ̀ka ọmọ ogun kan fi òṣùká ṣe àmì sí èjìká.

Nítorí náà, ká ní. Ká ní wọ́n ní: jíìpù ti wúlò fún wa dé òpin ọ̀nà tá a là, níbẹ̀ ló dúró sí, a sì tún nílò ẹ̀ ní òdìkejì òkè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, láti máa fa ìbọn kékeré, láti máa gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ dé ibi tí ọkọ̀ òfuurufú lè balẹ̀. Kò sí ọ̀nà láàárín. Kí ni ẹ máa ṣe? Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni jíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, torí Willys ṣe ọ̀kan rí ní 1942, MT, wọ́n tiẹ̀ gbé ìbọn mílímítà 37 lé e, wọ́n pe ìyẹn ní T14. Àmọ́ ọkọ̀ tó gùn sí i, ibi tí ọ̀nà ti ń yí kọ́nà lójú òkè ló ti máa kọ́kọ́ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ ò ní lè yí i, àfi kẹ́ ẹ tún ọ̀nà là. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ò jẹ́. Ẹ́ńjìnì tó ju èyí lọ ò jẹ́, á tún wúwo sí i. Ohun tó kù ni èyí tó dà bí àwàdà: jíìpù tí wọ́n lè tú palẹ̀ di ẹrù, kí wọ́n gbé e kọjá òkè lórí, kí wọ́n tún un tò ní òdìkejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Willys MB wúwo tó bíi kílò 1,100. Tí ẹrù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kílò 20, ẹrù 55 nìyẹn, èèyàn 55 pẹ̀lú àwọn tó máa gbapò wọn. Kò pọ̀ rárá fún ẹ̀ka ọmọ ogun tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹni tó ń rẹrù. Táyà márùn-ún, mo ka àfikún mọ́ ọn, èèyàn márùn-ún, ìyẹn yá. Ìjókòó, wíńdísíkíríìnì, bátìrì, táǹkì epo tó wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, gbogbo ìyẹn orí lásán ni. Ẹ́ńjìnì ni wàhálà, ó ju kílò 150 lọ dáadáa, orí kan kọ́, orí méjì kọ́. Wọ́n á so ó rọ̀ sí àárín igi ọparun méjì, èèyàn mẹ́jọ á wọ abẹ́ ẹ̀, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àwọn mẹ́jọ mìíràn á gbapò. Axle kọ̀ọ̀kan, irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, bákan náà, ẹni méjì méjì níwájú àti lẹ́yìn. Ara ọkọ̀ tó jẹ́ irin odindi kan, tí wọn ò lè pín, èmi á sọ ọ́ nù pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí dára: ẹ má ru ara ọkọ̀, ẹ kàn án níbẹ̀. Ọparun kún gbogbo Kaladan. Wọ́n á ru ògiri iwájú pẹ̀lú sítíárì àti àwọn pẹ́dà, ìyẹn ò ṣeé fi ọparun ṣe, tó bá kù wọ́n á fi ọparun hun ìyókù, wọ́n á fi tapólì bò ó.

Ní 1/35, ọwọ̀ ilé ni ọparun mi. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tó nípọn ní mílímítà kan àbọ̀, á jẹ́ ọparun tó nípọn ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó bá a mu rẹ́gí. Mo fi òwú ìránṣọ wé oríkèé ẹ̀, mo kùn ún ní yẹ́lò tó ti ń di búráùn, àwọ̀ tó ní kí wọ́n má tíì gé e pẹ́. Òṣùká náà, òwú dúdú ni mo lọ́ mọ́ra, mo fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mú un, èyí tó tóbi jù nínú wọn ò ju mílímítà mẹ́fà lọ. Àwọn ṣójà ló gba àkókò jù. Ojú tí wọ́n ń fi sí àwọn ère inú páálí, gbogbo ẹ̀ ojú òyìnbó ni, imú tó nàró àti ètè tíńtín, tẹ́ ẹ bá kàn kùn wọ́n ní dúdú, wọ́n á rí bí òyìnbó tó kun èédú. Mo fi pọ́tì kún imú àti ètè wọn, mo fi fáìlì fá àgbọ̀n díẹ̀. Fìlà wọn ni èyí tí etí ẹ̀ fẹ̀ tí wọ́n ń ká sókè lápá kan, ti àwọn ṣójà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, àmọ́ àwọn tó ń rẹrù nínú ti èmi ti yọ tiwọn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn, torí fìlà àti òṣùká ò lè jọ wà lórí kan náà.

Ọ̀dà ọkọ̀, àwọ̀ ewé dúdú, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà M bí ti àwọn jíìpù Gẹ̀ẹ́sì yòókù, àti aláǹtakùn kan ní ẹ̀gbẹ́ bọ́ńpà. Mo fi ọwọ́ ya aláǹtakùn yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́jọ, ó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ewé dúdú yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, àfi níbi tí ọwọ́ àwọn tó gbé e ti nu ún.

Ohun tó wá kù ni ṣásì. Irin gígùn méjì ni, wọ́n lọ láti bọ́ńpà iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n gùn ju kí ẹnì kan rù ú lórí ní ọ̀nà tó ń yí kiri lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e sí méjì kí wọ́n lè fi bóòtì so ó padà. Mo ti fẹ́ gé e ní àárín gbùngbùn kó lè dọ́gba, mo wá mú ègé ẹ̀ lọ han wẹ́dà kan ní àdúgbò wa tó ti ń gé ṣásì lọ́rì láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé. Bàbá yẹn gbé e sókè sí oòrùn, ẹ̀rín pa á, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ wọ èyí?" Mo ní kò sẹ́nì kankan, bàbá. Ó wá wò ó dáadáa. Ó ní n má gé e láàárín, ibẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ tẹ̀ tí ọkọ̀ bá gbé ẹrù, ó ní kí n gé e lẹ́yìn irin ìdábùú tó gbé gíáàbọ́ọ̀sì dúró, kí n fi irin pẹlẹbẹ kan sí inú, òmíràn sí ìta, kí bóòtì pọ̀. Mo bi í pé mélòó. Ó ní mẹ́jọ lápá kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ dín. Ó sì bi mi pé àwọn tó máa ru gíáàbọ́ọ̀sì ńkọ́, torí kíní yẹn ní epo nínú, tí wọn ò bá dà á kúrò kí wọ́n tó gbé e, gbogbo ẹ̀ á ro sí ẹni tó wà lẹ́yìn lọ́rùn.

Bóòtì mẹ́jọ lápá kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ọ̀kan ò tó ìdajì mílímítà. Ara ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo yọ lórí iná àbẹ́là ni mo ti ń gé wọn báyìí, mo sì ti kun àbàwọ́n epo dúdú sí kọ́là ṣójà tó wà lẹ́yìn gíáàbọ́ọ̀sì, torí mo mọ̀ dájú pé wọn ò rántí dà á.